Hóró kan náà, ìbéèrè ogún: isotretinoin tí mo lò fún irorẹ́ mi

"Sáṣẹ́ẹ̀tì mélòó?" Nǹkan tí ọmọkùnrin tó wà ní kẹ́mísì bi mí ò ju ìyẹn lọ, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wá isotretinoin rà. Kò béèrè ìwé dókítà, kò béèrè bóyá mo lóyún tàbí mò ń fọ́mọ lọ́mú, kò tiẹ̀ wo ojú mi kó rí irorẹ́ tí mo torí ẹ̀ wá. Ó kàn nawọ́ sókè, ó fa páálí kan yọ láàrin oògùn ikọ́ àti oògùn ibà, páálí tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ torí pé títì ni ibi tí wọ́n to oògùn sí kọjú sí. Mo ṣí i wò, mo fi ìka tẹ hóró kan láti ẹ̀yìn ọ̀rá ẹ̀, ó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Àwòrán obìnrin aboyún wà lára páálí, wọ́n fi ìlà dábùú ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn náà. Mi ò rà á. Ẹ má rò pé ọgbọ́n ni o, owó ọwọ́ mi ni ò pé.

Oṣù kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó síwájú dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn ńlá kan níbí ní Ìbàdàn, obìnrin ni, ìbéèrè tó bi mí kó tó kọ oògùn yìí fún mi lé ní ogún, mo kà á. Oògùn kan náà o, 20 mg kan náà. Mo ti lò ó tán báyìí, ojú mi ti dán, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, torí àwọn èèyàn ń bi mí "kí lo lò?" lójoojúmọ́, tí mo bá wá dárúkọ ẹ̀, wọn ò ní gbọ́ èyí tó kù mọ́, wọ́n á ti kọ ọ́ sínú fóònù, ó di kẹ́mísì. Tó bá jẹ́ orúkọ nìkan lẹ fẹ́, ẹ ti gbọ́ ọ. Àmọ́ ìbéèrè ogún yẹn gan-an ni mo sanwó fún.

Ẹ jẹ́ n sọ bí irorẹ́ mi ṣe rí ná. Tó bá jẹ́ pímpù méjì mẹ́ta tó máa ń yọ tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dé lẹ ní, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, ẹ má torí ìyẹn gbé oògùn líle mì. Tèmi jìn. Abẹ́ awọ ló máa ń fara pamọ́ sí, á le bí èkùrọ́, á máa ro mí débi pé mi ò ní lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pílò. Ó wà lágbọ̀n, ó wà lọ́rùn, ẹ̀yìn mi ló wá burú jù, mi ò lè wọ bùbá funfun torí ẹ̀jẹ̀ àti ọyún tó ń ta sí aṣọ. Tí ọ̀kan bá san, á fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, òmíràn á dá ihò. Ẹni ọdún 28 ni mí, kì í ṣe ọmọ ọdún 15 tí wọ́n á sọ fún pé ara ìdàgbà ni, á lọ.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Gbági, ẹni tó bá ń tajà ní Gbági á sì ti mọ̀ pé gbogbo oníbàárà ni dókítà. Wọ́n á ná ańkárá tán, wọ́n á wá wo ojú mi. "Àǹtí, ẹ máa fi ìtọ̀ àárọ̀ fọ̀ ọ́." "Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ká fi pa á." "Ẹ̀jẹ̀ yín ló gbóná, ẹ lọ lọ́kọ, tẹ́ ẹ bá ti bímọ kan báyìí, ojú yín á dán." Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo gbọ́ jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sọ́kàn.

Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lóòótọ́, ó jó mi. Mo ra kírímù àpòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní organic lọ́jà, láàrin ọ̀sẹ̀ kan ojú mi ń dán bíi dígí, mo ń júwe ẹni tó tà á fún gbogbo èèyàn, àṣé steroid ló wà níbẹ̀, bí mo ṣe dá a dúró ni irorẹ́ padà dé tòun tìyá tì baba ẹ̀. Dókítà ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò wa wá fún mi ní doxycycline, oògùn apakòkòrò, fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú kírímù benzoyl peroxide. Kírímù yẹn ṣiṣẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó bó àwọ̀ gbogbo táwẹ̀lì àti ẹ̀wù pílò mi, tẹ́ ẹ bá máa lò ó, aṣọ funfun ni kẹ́ ẹ fi nu ojú. Ó dín kù, kò lọ. Oṣù kejì tí mo lo doxycycline tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni oníbàárà mi kan sọ pé ọmọ òun tó wà ní Manchester lo isotretinoin, ni mo bá gba kẹ́mísì lọ. Nígbà tí ìyẹn ò bọ́ sí i, mo padà sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, òun ló kọ lẹ́tà fún mi lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara.

Ìdílé fítámì A ni oògùn náà ti wá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó máa ń mú kí àwọn ibi tí òróró ti ń jáde lábẹ́ awọ sún kì, kí òróró dín kù, kí ihò awọ má dí mọ́. Ọdún 1982 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, Accutane ni ilé iṣẹ́ Roche ń pè é nígbà náà, ní 2009 wọ́n dáwọ́ títa orúkọ yẹn dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn fúnra ẹ̀ ò kúrò lọ́jà, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe é lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká máa jà lórí orúkọ tó wà níwájú páálí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ isotretinoin sí, kẹ́ ẹ wo iye mg tó jẹ́.

Ìyá mi tẹ̀ lé mi lọ rí dókítà. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe rí. Dókítà ní, "Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn?" Ìyá mi ti dá a lóhùn kí n tó lanu. Dókítà ní, "Ṣé ẹ ní ẹni tẹ́ ẹ jọ ń fẹ́ra?" Ìyá mi ní, "Dókítà, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ nìyí o, kò sírú ẹ̀ nílé wa." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó síta díẹ̀." Yé! Ìyá mi dìde, gèlè ẹ̀ gan-an ń bínú. Títí a fi délé, kò bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí ló wà nínú irorẹ́ tí òun ò gbọdọ̀ gbọ́.

Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé tí aboyún bá lo oògùn yìí, ọmọ inú lè bà jẹ́ gan-an. Dókítà kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: etí ọmọ, ojú ọmọ, ọkàn ọmọ, ọpọlọ ọmọ, oyún sì lè wálẹ̀. Ó ní kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ní ẹ lo díẹ̀ kò ní ṣe nǹkan, ọjọ́ díẹ̀ péré tó láti ba ọmọ jẹ́. Torí náà, obìnrin tó bá lè lóyún ò gbọdọ̀ lóyún nígbà tó ń lò ó, àti fún oṣù kan gbáko lẹ́yìn tó bá gbé hóró tó kẹ́yìn mì. Ẹni tó bá ní ọkọ á lo ìfètòsọ́mọbíbí, ọ̀nà méjì papọ̀ ló sọ pé ó dáa jù. Wọ́n á ṣe test oyún kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa ṣe é lóṣooṣù. Èmi ní àfẹ́sọ́nà, a sì ti mú ọjọ́ yìgì, oṣù mẹ́jọ síwájú. Mo ní, "Dókítà, mi ò tíì mọ ọkùnrin." Ó ní, "Mo gbọ́ yín, ẹ gba ike yìí, ẹ lọ tọ̀ sí i."

Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, mi ò ní parọ́. Ó dà bíi pé kò gbà mí gbọ́. Oṣù kẹta ló tó yé mi pé gbogbo obìnrin ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹnikẹ́ni ló máa pinnu fún ọmọ tí kò tíì sí. Ẹ wá rántí àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ní kí n lọ bímọ kí ojú mi lè dán. Ká ní mo ra ti kẹ́mísì yẹn, kí n sì tún gba ìmọ̀ràn tiwọn pọ̀ mọ́ ọn ńkọ́?

Ọmọ oníbàárà mi tó wà ní Manchester yẹn sọ fún mi lórí WhatsApp pé tòun tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, oògùn ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ń kọ fún obìnrin tó bá lè lóyún lẹ́ẹ̀kan, tí kò bá sì gbà á láàrin ọjọ́ méje, ìwé yẹn ti kú nìyẹn. Ní October 2023 wọ́n tún fi kún un pé kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 tó bẹ̀rẹ̀, oníṣègùn méjì ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Ní Amẹ́ríkà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní iPLEDGE láti 2006, dókítà, aláìsàn àti ilé oògùn, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ síbẹ̀ kí oògùn tó jáde. Tiwa níbí, ọwọ́ ẹni téèyàn bá pàdé ló wà. Mo pàdé ọmọ "sáṣẹ́ẹ̀tì mélòó", mo sì tún pàdé dókítà oníke, ìlú kan náà ni wọ́n jọ wà.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni gbogbo ohun tí mò ń gbé mì. Gbogbo ẹ̀ o. Ó ní kí n má fi fítámì A kankan kún un torí ìdílé fítámì A loògùn yẹn fúnra ẹ̀ ti wá, á pọ̀ jù lára. Mo ní mi ò lo fítámì kankan. Mo délé, mo rí ìgò cod liver oil tí ìyá mi máa ń fún gbogbo wa mu láàárọ̀, mo ka ẹ̀yìn ẹ̀, fítámì A ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Mo tún béèrè nípa epo pupa, torí wọ́n ní fítámì A ló wà níbẹ̀ náà, dókítà ní kí n máa jẹ ọbẹ̀ mi, pé èyí tí wọ́n dì sínú ìgò àti hóró lòun ń sọ. Àgbo ńkọ́? Ó ní kí n gbé e tì, àti ọtí, torí ẹ̀dọ̀ ló máa san gbèsè ẹ̀.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù nínú tèmi ni tẹ́trà. Ẹ̀yin náà mọ tẹ́trà, kápúsùlù pupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń tà fún inú rírun, fún ojú egbò, fún gbogbo nǹkan. Doxycycline tí mo ti lò tẹ́lẹ̀, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé mi, ó fa ìlà sí i lábẹ́: isotretinoin àti ìdílé tẹ́trà ò gbọdọ̀ pàdé nínú ara, torí àwọn méjèèjì lè jọ mú kí omi inú agbárí ga sókè, á di orí fífọ́ tí kò lọ, èébì, ojú á máa ṣú. Oṣù kejì, inú ń run mí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti sáré lọ ra tẹ́trà méjì wá, omi ti wà lọ́wọ́ mi. Ìlà abẹ́ yẹn ni mo rántí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi í sínú páàsì, mo lọ ra ORS.

Kí n tó gbé hóró kankan mì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi láàárọ̀ kí n tó jẹun, wọ́n fi wo ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, owó test ju owó oògùn lọ, mo ráhùn gan-an. Wọ́n tún ṣe é lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ mi ti gòkè díẹ̀, dókítà bi mí ohun tí mò ń mu ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní mínírà, ìgò méjì lójúmọ́ nítorí oòrùn. Ó ní kí n fi omi rọ́pò ẹ̀. Test tó tẹ̀ lé e, ó ti wálẹ̀. Ta ni ì bá mọ̀ ká ní mò ń ra oògùn fúnra mi? Ara ò kúkú ń dun èèyàn tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ bá ń gòkè, títí tó fi máa burú.

Ìwọ̀n tèmi nìyí, kì í ṣe kẹ́ ẹ dà á kọ o, ara yín kọ́ ni ara mi. Kílò 60 ni mí. Dókítà fi 20 mg lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀ fún oṣù kan, ó wá gbé e sí 40 mg. Ó ní àròpọ̀ tí wọ́n sábà máa ń lépa jẹ́ 120 sí 150 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan téèyàn wọ̀n, tèmi wá jẹ́ 7,200 ó kéré tán. Oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ 600, oṣù kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e jẹ́ 1,200, ẹ rò ó, oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀ ló bọ́ sí. Mo fẹ́ràn pé ó ṣírò ẹ̀ níwájú mi, torí nígbà tí ojú mi dán lóṣù kẹrin tí mo fẹ́ dá a dúró kí n lè tọ́jú owó, ìṣirò yẹn ni kò jẹ́ kí n dá a dúró. Ó ní àwọn tó bá tètè dúró ni irorẹ́ sábà máa ń padà sí lára.

Pẹ̀lú oúnjẹ olóròóró ni wọ́n ń lò ó, torí inú òróró ló ti máa ń wọ ara dáadáa. Ẹ̀kọ mímu lásán ò tó. Èmi ń fi ẹ̀wà ríro àti dòdò gbé e mì, tàbí ìrẹsì àti ẹyin díndín. Nígbà ààwẹ̀ Ramadan, ìṣínu ni mò ń lò ó, kì í ṣe sààrì, torí oúnjẹ ìṣínu ló wúwo nílé wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, irorẹ́ tó wà nísàlẹ̀ tú jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rù bà mí, ìyá mi ní kí n jù ú nù. Dókítà ti kìlọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi fi kékeré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ètè. Ha, ètè! Bóyá la máa rẹ́ni tó lò ó tí ètè ẹ̀ ò gbẹ. September ni mo bẹ̀rẹ̀, mi ò ronú pé ọyẹ́ ń bọ̀. Ní December, ètè mi là láàrin, tí mo bá rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, ẹ̀jẹ̀ á jáde, mo wá ń tajà bí ẹni tó ń bínú. Òrí gan-an ló gbà mí là, òrí funfun tí wọn ò po nǹkan mọ́, tàbí Vaseline, mò ń fi pa á ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́, kódà nínú ààwẹ̀, Alfa ní tí mi ò bá ṣáà ti lá a. Imú mi ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, dókítà ní kí n máa fi Vaseline díẹ̀ pa inú ẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Ojú mi gbẹ bíi pé yanrìn wà nínú ẹ̀. Ọṣẹ dúdú tí mo ti ń lò láti kékeré, ó jó awọ mi bí iná, mo gbé e tì títí mo fi parí.

Ẹ̀yìn àti orúnkún dùn mí, pàápàá ọjọ́ tí ẹrù aṣọ bá dé tí mo bá bá wọn gbé e. Oògùn yìí máa ń mú kí iṣan àti oríkèé ro èèyàn. Ó tún lè jẹ́ kí ojú má ríran dáadáa lálẹ́, èmi ò wakọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ ní títì tí kò níná, ẹ kíyè sí i.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ńkọ́? Dókítà bi mí bóyá mo ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí, bóyá ó ti ṣe mí bíi pé kí n pa ara mi rí. Mi ò retí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nítorí irorẹ́. Ó ní ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò lórí bóyá oògùn yẹn gan-an ló ń fà á, torí irorẹ́ fúnra ẹ̀ ń ba èèyàn nínú jẹ́, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan nígbà tí wọ́n ń lò ó, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè, kí n sì yan ẹnì kan nílé tó máa máa ṣọ́ mi. Mo yan àbúrò mi ọkùnrin. Lóṣù kẹta, òun ló sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ti bá ẹnikẹ́ni jà láti ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló ń ṣe yín?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni, mo kàn ń dákẹ́ ni, oorun ni mò ń fẹ́ sùn ṣáá. Mo pe dókítà, ó ní kí n wá lọ́jọ́ kejì, ó dín in kù sí 20 fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara mi padà, a tún gbé e sókè. Ó ní tó bá jẹ́ pé èrò àtikú ló wá sí mi lọ́kàn ni, mi ò gbọdọ̀ dúró de àárọ̀, kí n dá oògùn dúró kí n sì wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí dókítà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bímọ ní January, iṣẹ́ abẹ ni, ilé ìwòsàn ní kí a mú èèyàn méjì wá tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa rọ́ lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ni mo rántí pé ẹni tó ń lo isotretinoin ò gbọdọ̀ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, títí tí oṣù kan á fi kọjá lẹ́yìn hóró tó kẹ́yìn, ọkùnrin lóbìnrin, torí aboyún ni wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ yẹn fún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wò mí bíi pé mò ń wá àwáwí. Ọkọ àǹtí mi kejì ló fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dípò mi, ìyá àti ọmọ wà láyọ̀.

Tí ìyàwó tuntun bá ń kà á: ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe makeup yín fi wax fa irun ojú. Awọ ti tinrín, á bó. Dókítà ní kí n má ṣe é, àti laser àti ìhọra ojú, títí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí mo bá parí, àwa aláwọ̀ dúdú sì tún ní kókó àpá láti bẹ̀rù. Abẹ la fi ṣe tèmi, laali ò sì ní wàhálà kankan.

Ilé oògùn tí mo ti rà á, márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Apòògùn ibẹ̀ gba ìwé dókítà, ó béèrè èsì test oyún mi, inú yàrá tó ní AC ló ti gbé e jáde, ó fi nọ́ńbà NAFDAC hàn mí, ó ní kí n họ ibi tí kóòdù wà kí n fi text ránṣẹ́. Mo ní kó ta ti oṣù mẹ́ta fún mi kí n má bàa máa wá, kò gbà. Inú bí mi díẹ̀. Ilé ìwòsàn, mẹ́ta nínú márùn-ún: dókítà kò lẹ́gbẹ́, àmọ́ aago méje ni mo máa ń débẹ̀, aago kan ọ̀sán ni wọ́n máa ń pè mí, wọ́n tiẹ̀ sọ èsì ẹ̀jẹ̀ mi nù lẹ́ẹ̀kan, mo tún san owó míì. Oògùn fúnra ẹ̀, mẹ́rin. Irorẹ́ tuntun dáwọ́ dúró lóṣù kẹrin, ẹ̀yìn mi pẹ́ díẹ̀ ju ojú lọ, àmọ́ mo ti ń wọ bùbá funfun. Ìdí tí mi ò fi fún un ní márùn-ún ni pé àpá dúdú kì í bá a lọ, ìyẹn ń fẹ́ sùúrù àti sunscreen lójoojúmọ́, ihò tó sì ti dá ti dá nìyẹn.

Hóró mẹ́fà ló ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tí dókítà ní ó tó, torí àwọn ọjọ́ tí mo gbàgbé. Mo dì í sínú báàgì láti dá a padà fún apòògùn. Ọmọ àǹtí mi, ọmọ ọdún 19, rí i lórí tábìlì ní pálọ̀, pímpù díẹ̀ ló wà níwájú orí ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ ti lò ó tán, ẹ fún mi ní ìyókù." Mo ní, "Jókòó ná. Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù ẹ gbẹ̀yìn?" Ọmọ náà yíjú wo ìyá mi tó wà lórí àga. Ìyá mi wò mí, ó wo báàgì oògùn, ó gbé ìpèlé ẹ̀, ó sì dìde fúnra ẹ̀ lọ jókòó síta.